Àwọn Tí Oògùn Ò Rí Pa

Ohun tí Fasilat rí lórí àwo lọ́jọ́ náà kéré débi pé ẹlòmíràn ì bá ti jù ú nù. Ọmọ Ìwó ni Fasilat. Ó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan ní Johannesburg, iṣẹ́ tó sì yàn láàyò ni ìwádìí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun. Ilé ìwòsàn kan nínú ìlú ló ń fi àwọn kòkòrò náà ránṣẹ́ sí láàbù wọn nínú ìgò kéékèèké. Wọn kì í kọ orúkọ ọmọ kankan sí i lára.

Bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò kò le. Wọ́n á fi kòkòrò ra ojú àwo kan tí wọ́n ti da oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ tútù sí, wọ́n á wá gbé bébà róbótó kan tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn lé e láàárín. Lọ́jọ́ kejì, bí oògùn náà bá lágbára lórí kòkòrò ọ̀hún, àyíká bébà á mọ́ roro bí òrùka, nítorí kòkòrò ò ní lè hù níbẹ̀. Bí kò bá lágbára, kòkòrò á hù títí dé ẹsẹ̀ bébà. Bí dókítà bá ti gbọ́ pé òrùka tóbi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì máa fún ọmọ ní oògùn náà lọ.

Òrùka àwo ọjọ́ yẹn tóbi dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú òrùka náà gan-an, níbi tó yẹ kó mọ́, Fasilat rí àwọn àmì tíntìntín bí orí abẹ́rẹ́. Nǹkan kan ti yè níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan yè.

Ó gbé e lọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Damaris Khumalo, obìnrin Soweto tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìdọ̀tí ló ti kó sínú àwo náà, kòkòrò mìíràn tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ sí, kó tún un ṣe. Fasilat tún un ṣe. Àwọn àmì náà tún yọ. Ó yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, ó sì rí i pé kòkòrò kan náà ni, kì í ṣe àlejò. Ó wá ṣa díẹ̀ nínú wọn, ó gbìn wọ́n sórí àwo tuntun kí wọ́n lè pọ̀ sí i, ó sì tún gbé oògùn lé wọn. Bí wọ́n ṣe kú nìyẹn. Òrùka ńlá tún yọ, àfi àwọn àmì mélòó kan tó tún kù nínú rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ó ní bí àwọn tó yè wọ̀nyẹn bá le ju ẹgbẹ́ wọn lọ lóòótọ́, ó yẹ kí àwọn ọmọ wọn náà le. Níwọ̀n bí àwọn ọmọ wọn ti kú, a jẹ́ pé ikú ló kàn pẹ́ kó tó dé bá wọn. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání lójú Fasilat. Síbẹ̀ kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù. Ó yí oúnjẹ padà, ó yí oògùn padà, ó lo kòkòrò tí ilé ìwòsàn gbà lára ọmọ mìíràn ránṣẹ́. Nígbà mìíràn àmì á yọ, nígbà mìíràn kò ní yọ. Ìgbàkígbà tó bá sì ti ṣa àwọn tó yè kó lè fi wọ́n han ayé, ipá wọn á ti lọ. Ó dà bí ẹni tó ń mú ẹlẹ́rìí lọ sí ilé ẹjọ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹlẹ́rìí á ní òun ò rí nǹkan kan.

Nígbà tó di pé ọdún ti ń lọ sópin, Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é jókòó. Ó ní iṣẹ́ tó ti parí dára, orí mẹ́ta ti dúró ṣinṣin nínú ìwé rẹ̀, kó fi ohun tó dájú kọ ìkẹrin kó sì gba oyè rẹ̀. Fasilat ní òun á kọ ọ́. Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣe ti àwọn àmì náà ní Sátidé nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n mirí, ó ní, "Eish, Fasilat," bí ará Soweto tí ọ̀rọ̀ sú, ó sì gbà fún un.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Nasir ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan ní Randburg. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti jọ sọ ọ́ pé bí Fasilat bá ti gboyè, àwọn á padà sílé, kí Hamidah ọmọ wọn lè gbọ́ Yorùbá dáadáa kó tó dàgbà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì lọmọ náà fi ń dá wọn lóhùn. Nasir kì í ṣe ẹni tó ń jà. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Sátidé, ó kàn rọra bi í.

"Ìyá Hamidah, ṣé nítorí àmì tó ń pòórá yìí la ò fi ní lọ mọ́?"

"Mi ò mọ̀," ni Fasilat wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí, mo rí i."

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Nasir ti ń mú Hamidah lọ sí ilé kéwú ní gbogbo Sátidé, kí ìyá rẹ̀ lè ráyè lọ láàbù.

Nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Berea, nísàlẹ̀ àjà tiwọn, ni Mọ́níkẹ́ ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìdirí ní Hillbrow. Rustenburg ni Túbọ̀sún ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Oyún Mọ́níkẹ́ kò ju oṣù méje lọ nígbà tó bí. Ọmọbìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Fọláyẹmí, wọ́n sì gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru. Ó ń ṣe dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀, àfi bí ara rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná tí kò sì fẹ́ gba wàrà mọ́. Wọ́n ní kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Fasilat máa ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyá ọmọ ní ilé ìwòsàn bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Kò bi í ní ìbéèrè oògùn, nítorí kò fẹ́ sọ ìbànújẹ́ ẹni di iṣẹ́ ìwádìí. Mọ́níkẹ́ fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àwọn ọmọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé oògùn," ló wí. "Wọ́n ní àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn tí wọ́n ń fún un á ṣiṣẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ara rẹ̀ tutù. Nígbà tó yá ó tún gbóná. Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, àyẹ̀wò tún ní oògùn yẹn náà ló dáa. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n ń fún ọmọ mi báyìí?"

Fasilat ní rárá, oògùn náà kì í ṣe ayédèrú. Ó di ọwọ́ Mọ́níkẹ́ mú títí tí nọ́ọ̀sì fi wá pè é wọlé.

Inú takisí ló wà, nígbà tí iná pupa dá wọn dúró nídìí robot, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà fi là á lójú. Ìgbà tí oògùn bá wà lórí kòkòrò yìí ló ń le. Bí wọ́n bá ti mú oògùn kúrò, á padà rọ̀. Ẹni tó bá wọ kóòtù nítorí òtútù, bí oòrùn bá yọ, á bọ́ ọ. Bí o bá wá dé nínú oòrùn, wàá ní kò ní kóòtù rárá. Òun Fasilat gan-an ló sì ti ń bọ́ kóòtù lọ́rùn wọn láti oṣù mélòó kan wá. Ìgbàkígbà tó bá ṣa àwọn tó yè, oúnjẹ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀ ló ń kó wọn lé kí wọ́n lè pọ̀, ẹ̀yìn náà ló ń wá dán wọn wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó yẹ kí àwọn ọmọ wọn le. Wọ́n le o, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń mú wọn le mọ́ níbi tó kó wọn sí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ kí takisí tó dé Berea, ó sì wọ òmíràn padà sí ilé ìwòsàn.

Dókítà Adésànmí, ará Èkìtì, ló ń tọ́jú àwọn ọmọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni ìgò kòkòrò ti ń dé láàbù. Ó ju Fasilat lọ dáadáa, ó sì máa ń pè é ní àbúrò. Fasilat ṣàlàyé ohun tó fura sí fún un. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá kòkòrò Fọláyẹmí wà lára èyí tí wọ́n ti fún àwọn rí, òun kàn mọ̀ pé ohun tí ọmọ náà ń ṣe jọ ohun tí àwo òun ń ṣe ni. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yí oògùn padà.

Dókítà gbọ́ ọ dópin. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Àbúrò, kì í ṣe pé mi ò gbà ẹ́ gbọ́," ló wí. "Oògùn tó kù tí mo lè fún un máa ń ba etí ọmọ mìíràn jẹ́, ó máa ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Mi ò lè tìtorí ìfura gbé e fún ọmọ tí ara rẹ̀ ò tíì tó nǹkan. Mú ohun tí mo lè fojú rí wá fún mi, mo máa yí i padà lọ́jọ́ yẹn gan-an."

Ó ṣèlérí pé bí ìyá ọmọ bá fọwọ́ sí i, òun á fi kòkòrò tuntun láti inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ránṣẹ́ láìjáfara. Mọ́níkẹ́ fọwọ́ sí i. Ìgò náà dé láàbù lọ́jọ́ kejì.

Fasilat tẹ́ ẹ sórí àwo. Àwọn àmì yọ nínú òrùka, gẹ́gẹ́ bó ṣe rò. Ó ṣa wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó po oògùn mọ́ oúnjẹ tó fẹ́ fi bọ́ wọn kí wọ́n má baà bọ́ kóòtù. Ìwàǹwára mú un, ó fi oògùn náà pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa padà dé, ohunkóhun ò hù. Gbogbo wọn ti kú.

Ọjọ́ yẹn náà ni Mọ́níkẹ́ pè é lórí fóònù. Gìrì ti mú Fọláyẹmí. Ó ní àwọn ará ìjọ àwọn ti kóra jọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn ní Berea, wọ́n ń gbààwẹ̀ fún ọmọ náà. Ó bi Fasilat bóyá kí òun ránṣẹ́ pe Túbọ̀sún wálé. Fasilat mọ ohun tó ń béèrè. Ó ní kó pè é. Kò ṣèlérí kankan fún un, nítorí kò ní ìlérí kankan lọ́wọ́. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣe é bí kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn kó lọ kúnlẹ̀ fún Dókítà Adésànmí. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà láàbù. Ibẹ̀ ló ti ronú pé ẹkún òun kò ní yí oògùn padà, àwo nìkan ló lè yí i padà. Ó padà sídìí tábìlì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó lọ́ra lọ́tẹ̀ yìí. Oògùn tó fi sínú oúnjẹ àkọ́kọ́ kò tó nǹkan, èyí tó tẹ̀ lé e ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìdọ̀tí ni, ó bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àmì kan nínú òrùka. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣa á. Ó sì fún Fasilat ní àyè. Fasilat pín àwọn ọmọ àmì kan ṣoṣo yẹn sí ọ̀nà méjì: ó fi oògùn sínú oúnjẹ apá kan, ó fi oúnjẹ lásán bọ́ apá kejì. Nígbà tí wọ́n ti pọ̀ tó, ó fi apá méjèèjì ra àwo, ó sì gbé bébà olóògùn lé àwo méjèèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí èsì yọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n bá a níbẹ̀ tòun ti ife tíì rooibos lọ́wọ́. Wọ́n jọ ṣí ẹ̀rọ tó ń mú àwọn àwo móoru, wọ́n gbé àwo méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìkan ní òrùka ńlá bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Èkejì kò ní òrùka rárá. Kòkòrò ti bo ojú àwo náà títí dé ẹsẹ̀ bébà. Ìyá kan náà ló bí wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́.

"Èwo lo fún lóògùn?" ló bi í.

"Tọwọ́ ọ̀tún."

"Mo sọ fún ẹ pé ìdọ̀tí ni."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Prof."

"Lọ mú báàgì rẹ. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wa ọkọ̀, Fasilat gbé àwọn àwo sórí ẹsẹ̀. Dókítà Adésànmí wò wọ́n, ó pe olórí láàbù ilé ìwòsàn wá wò ó, àwọn méjèèjì fi ìbéèrè wá Fasilat lẹ́nu wò. Ó dá wọn lóhùn láìbùlà. Ibi tí kò bá mọ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n tán, dókítà dìde, ó wọ yàrá àwọn ọmọ lọ, ó sì yí oògùn Fọláyẹmí padà bó ṣe ṣèlérí.

Ara ọmọ náà kò tutù lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò tutù lọ́jọ́ kejì. Túbọ̀sún ti dé láti Rustenburg. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onígíláàsì náà láìjókòó. Lẹ́yìn náà ni ara Fọláyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì tún padà gbóná. Ó gba wàrà. Gìrì náà kò mú un mọ́. Nígbà tó yá, Mọ́níkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ jáde nílé ìwòsàn, Fasilat àti Nasir sì wà lára àwọn tó dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ ilé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n yẹ etí Fọláyẹmí wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n rí i pé etí òsì kò gbọ́ràn. Fasilat lọ bá Dókítà Adésànmí, ó bi í bóyá oògùn tuntun náà ló fà á. Dókítà ní ó lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ àìsàn tó ti dé ọpọlọ ọmọ náà kí wọ́n tó yí oògùn padà, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èsì yẹn wọ Fasilat lára. Gbogbo oṣù tó fi ń pàdánù ẹ̀rí rẹ̀ ló ń padà wá sí i lọ́kàn. Ó lọ sílé Mọ́níkẹ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí, pé bí òun bá ti tètè mọ̀, ó ṣeé ṣe kí etí náà máa gbọ́ràn.

Mọ́níkẹ́ ń di ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn lọ́wọ́. Ó so gbájá, ó rí i pé ó le, kó tó fèsì.

"Àǹtí, mo ti máa ń gba ọ̀tún bá a sọ̀rọ̀," ló wí. "Ó ń dá mi lóhùn. Ẹ̀yin ẹ wá àwọn kòkòrò tó kù lọ, kí irú rẹ̀ má baà bá ìyá ẹlòmíì."

Fasilat sunkún níbẹ̀, Mọ́níkẹ́ sì jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Orí kẹrin ìwé rẹ̀ kò rí bí wọ́n ṣe rò ó mọ́. Ó ka inú àwọn kòkòrò náà títí dé ibi tí àbùdá wọn pamọ́ sí, ó sì rí kóòtù náà gan-an: ohun kan wà nínú wọn tó ń ba oògùn jẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ní, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ti dà á kọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹrù ni fún wọn láti máa gbé e kiri, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ nù bí oògùn bá ti kúrò níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ bá ìwé ìròyìn ìmọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò dá a padà, wọ́n ní àyẹ̀wò ara ọmọ kan kò tó. Fasilat bínú, ó sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó tọrọ ọdún kan sí i lọ́wọ́ yunifásítì. Nasir ló lọ tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú láti bá a sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Nígbà tó dé, ó ní ilé ò sá lọ, Hamidah lè bẹ̀rẹ̀ Yorùbá láti ìhín, òun fúnra òun á máa kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà Adésànmí pè é pé kó wá bá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀. Fasilat kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gbé àwòrán àwo méjèèjì sójú ògiri, ó sì sọ ohun tó wá sọ ní ṣókí. Ó ní bí òrùka bá tóbi, kí wọ́n má ṣe wo bó ṣe tóbi tó nìkan, kí wọ́n wo inú rẹ̀. Ó ní bí ara ọmọ bá tutù lórí oògùn tó sì tún gbóná, kí wọ́n má sọ pé ìyá ọmọ ló ń ṣàṣejù, kí wọ́n ránṣẹ́ sí láàbù.

Dókítà obìnrin kan láti ẹ̀yìn béèrè pé ọmọ mélòó ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí nínú àwọn tó ti kú lọ́wọ́ àwọn láti ọdún mélòó kan wá.

"Mi ò tíì mọ̀," ni Fasilat wí. "Ṣùgbọ́n gbogbo kòkòrò tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí wa ṣì wà nínú fírísà. Mo máa yẹ gbogbo wọn wò."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé láàbù ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó po oúnjẹ, ó da á sínú àwọn àwo, ó dúró kí wọ́n dì. Lẹ́yìn náà ó ṣí fírísà, ó sì mú ìgò àkọ́kọ́ láti orí pèpéle òkè.